Àmì Pupa Lórí Ilé Ìyá Àgbà

"Ìyá àgbà, bí omi bá wọ ilé yìí, kí ni ẹ máa pàdánù?"

Bí Mojọlá ti gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ni ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí ẹ̀gúsí tó ń bó. Èèpo tó wà láàárín ìka rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó wo ojú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà lórí itan ọmọ náà, lẹ́yìn náà ó wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó gbọ́ pé àlejò ti kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kí o wá bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Ilé ìwé ni, Ìyá àgbà. Gbogbo ilé la ń bi. Ẹ kàn sọ ọ́: àwo, ẹní, àgbàdo inú àká…"

"Dìde."

Mojọlá dìde.

"Bu omi nínú ìkòkò yẹn, kí o fi ṣan ẹnu rẹ. Má gbé e mì o! Tu ú sójú ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀nà lọ."

Mojọlá ṣe bẹ́ẹ̀. Ní abúlé wọn lẹ́bàá Datcha ní ilẹ̀ Tógò, kò sí ọmọ tí wọn kò tíì mú kó fi omi ṣan ọ̀rọ̀ burúkú kúrò lẹ́nu rí. A kì í fi ẹnu ara ẹni sọ àdánù tí kò tíì dé, kó má baà dà bí ẹni pé a ránṣẹ́ pè é. Mojọlá mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Atakpamé, ó sì ti gbàgbé pé ìbéèrè tó rọrùn nínú kíláàsì lè wúwo bí òkúta nínú yàrá ìyá àgbà.

Mùsíọ̀ Antoine, olùkọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti odò, ló mú iṣẹ́ náà wá. Ètò kan ni, orí kọ̀ǹpútà ló wà. Bí a bá sọ fún un bí ilé kan ṣe rí, bóyá amọ̀ ni tàbí bíríkì, bóyá koríko ló bò ó tàbí páànù, bí ó ti jìnnà tó sí odò, tí a sì sọ fún un bí òjò tó ń bọ̀ ṣe máa pọ̀ tó, yóò ṣírò ohun tí omi máa bàjẹ́ kí omi tó dé. Ilé tí ewu wà fún a pọ́n bí ata lórí àwòrán ilẹ̀. Èyí tí kò séwu fún a ní àwọ̀ ewé. Àwọn tó ń lo ètò yìí ní Tógò, ní Benin àti ní Nàìjíríà ti di ẹgbẹ́ kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù. Ẹni tí ètò náà bá dààmú á kígbe, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dá a lóhùn. Orúkọ òyìnbó gígùn kan ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Kétu nínú ẹgbẹ́ náà sọ ọ́ ní Wolé-wolé, nítorí pé ilé-ilé ló ń wò.

Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí olúkúlùkù fi àmì sí àwọn ilé abúlé rẹ̀. Bí ìkìlọ̀ òjò ńlá bá dé, Mùsíọ̀ Antoine yóò wo àwọn ilé tó pọ́n, wọn yóò sì pe àwọn tó ń gbé inú wọn lórí fóònù pé kí wọ́n jáde.

"Ẹ gbọ́, Ìyá àgbà," Mojọlá tún bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì tutù fún omi. "Kí ewu má baà bá yín lójijì ni."

Ìyá àgbà mú ẹ̀gúsí kan, ó bó o, ó sọ ọ́ sínú àwo.

"Fáníyì gun òrùlé yìí lọ́dún tó kọjá," ó wí. "Ó ń lẹ páànù. Ó bojú wolẹ̀, ó ní, 'Bí mo bá kú, Ìyá, ta ni yóò máa bá yín lẹ páànù yìí?' Ṣé o rántí?"

Mojọlá mi orí pé òun rántí. Bàbá rẹ̀ ni Fáníyì. Iṣu tuntun kò tíì jáde nígbà tí àìsàn mú un lọ.

"N kò fún un lómi kó ṣan ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ìyá rẹ̀, mo bá a rẹ́rìn-ín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Má fi ilé mi síbẹ̀, Mojọlá. Má fi ẹnu rẹ pe omi wá bá mi."

Ohun tó mú ọkàn Mojọlá dàrú nìyẹn. Bí ó bá fi àmì sí ilé náà, ó ṣẹ ìyá àgbà. Bí kò bá fi sí i, kí ni yóò sọ fún Mùsíọ̀? Àmì náà sì ti wà níbẹ̀ kó tó béèrè, nítorí ó ti kọ bí ilé náà ṣe rí sínú ètò náà. Ó pọ́n, ó ń wò ó láti inú tábúlẹ́ẹ̀tì bí ojú tí kì í ṣẹ́.

Ó sọ ọ́ fún Ràhímátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ oníṣòwò aṣọ kan tó jẹ́ Yorùbá ní ọjà Atakpamé. Ní ìsinmi àárọ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń jẹ àyìmọ́lù, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí ìyá kan ń tà lẹ́nu géètì.

"Ọ̀rọ̀ yìí ló wá ń mú kí o máa wo oúnjẹ bí ẹni tó rí kòkòrò níbẹ̀?" Ràhímátù wí. "Ṣé wọ́n kan àmì náà ní ìṣó ni? Fi ìka fà á gòkè. Gbé e sẹ́bàá ilé ìjọsìn àwọn Fada lórí òkè yín. Ìyá àgbà á sùn, ìwọ náà á sùn, Mùsíọ̀ á fún ọ ní máàkì."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?"

"Irọ́ kẹ̀? Ta lo pa á fún? Kọ̀ǹpútà? Kọ̀ǹpútà ní ìyá ni, tí yóò fi lọ fẹjọ́ sùn?"

"Bí odò bá wá dé ńkọ́?"

"Háà! Ìwọ náà, lọ ṣan ẹnu rẹ jàre!"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló tì í. Ó fi ìka kan ilé ìyá àgbà, ó fà á gòkè. Ó fa ilé Ẹ̀taòkò náà, àbúrò bàbá rẹ̀ tí ilé rẹ̀ fara ti ti ìyá àgbà, kí ọ̀kan má baà dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò; méjèèjì yìí nìkan ló pọ́n ní abúlé náà. Kíá, pupa kú, àwọ̀ ewé yọ. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Kò mọ èyí tó ṣáájú. Ó ṣe é bí ẹni pé ó ti pọn ìyá àgbà sẹ́yìn, ó gbé e gun òkè, ó sì tẹ́ ẹní fún un níbi tí omi kò lè dé.

Ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ náà bọ́ sí Atakpamé lọ́dún yẹn, nínú gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Kamina, ní àárín ìgbà òjò. Àwọn àlejò wá láti ibi púpọ̀. Faransé ń lọ níhìn-ín, Ewé ń lọ lọ́hùn-ún, àwọn ará Kétu àti àwọn ará Ṣakí ń fi Yorùbá oríṣiríṣi bú ara wọn ní bíbú ẹ̀fẹ̀. Mojọlá gbọ́ èyí tó yé e, kò gbọ́ èyí tí kò yé e, orí rẹ̀ sì ń hó. Òjò ti ń pa páànù gbọ̀ngàn náà láti òwúrọ̀.

Ọ̀gá Mùhyídéènì, olórí ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin Kétu onírùngbọ̀n funfun, ló ń ṣí àwòrán abúlé kọ̀ọ̀kan sára ògiri. Ó dé orí abúlé Mojọlá, ó dúró.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mùsíọ̀ Antoine na ọwọ́ sí Mojọlá. Mojọlá dìde.

"Ẹ wo abúlé tó wà létí odò, tí kò sí ilé kan tó pọ́n nínú rẹ̀! Àwọn baba yín gbọ́n, ọmọ mi. Òkè ni wọ́n kọ́lé sí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ràhímátù fún un ní ìgbọ̀nwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mojọlá kò mọ ibi tí yóò kọ ojú sí. Ilé tí kò sí níbi tó wà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ̀ lójú rẹ̀.

Àtẹ́wọ́ kò tíì parí tán tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ti ọ̀kan, ti èkejì, ti gbogbo ènìyàn. Ìkìlọ̀ ló wọlé. Òjò tó rọ̀ lókè odò ti pọ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ, omi ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀.

"Kì í ṣe àpẹẹrẹ mọ́ o," ni Mùsíọ̀ Antoine wí, ó sì fi òjò náà sínú Wolé-wolé. Àwọn abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lára ògiri. Ó pín wọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olúkúlùkù gbé fóònù, ariwo sì gba gbọ̀ngàn: "Ẹ jáde! Ẹ gbé àwọn ọmọdé! Rárá, ẹ má dúró ká aṣọ!"

"Mojọlá, tiyín ńkọ́?"

"Kò… kò sí èyí tó pọ́n, Mùsíọ̀."

Ó yí padà sí i. "Ṣé ó dá ọ lójú? Ìwọ lo kọ ọ́ nínú àròkọ pé o máa ń gbọ́ ohùn odò láti orí ẹní ìyá rẹ àgbà."

Ìhín ni ọ̀nà ti là sí méjì. Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà ṣì ń dún létí rẹ̀, ohùn ìyá àgbà náà ń dún, méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ti òjò.

"Ó dá mi lójú," ó wí.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi pupa ń ti orí òkè Atakpamé dà wálẹ̀ nínú gọ́tà, ó ń gbé bàtà ọmọdé kan lọ. Ó pe Ẹ̀taòkò. Fóònù kọ̀. Ó tún un pè, ó tún kọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Bàbá kékeré, ẹ gbé Ìyá àgbà jáde. Omi ń bọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀taòkò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n ti pe àwọn ará òdìkejì odò, mo rí i bí wọ́n ṣe ń kẹ́rù. Wọn kò pè wá. Ẹ̀yin ara yín lẹ wá sọ lábẹ́ igi ìpàdé pé ẹni tí omi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa pè. Ìyá ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ pé o sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Fọkàn balẹ̀, jàre."

Ó gé e. Mojọlá dúró, fóònù lọ́wọ́. Ó wá yé e, ó sì tún rú u lójú: irọ́ tó pa fún kọ̀ǹpútà tí kò ní ìyá ti rìn dé ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀. Nítorí pé àwòrán náà jẹ́ òtítọ́ fún àwọn yòókù, gbogbo abúlé gbà á gbọ́, ohùn òun nìkan kò sì lè bá a jà. Àwọn àgbà a máa ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Eji kò ní wo àwòrán kó tó wọ ilé.

Ó padà wọlé. Ó gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó dúró níwájú ògiri.

"Mùsíọ̀, mo purọ́. Ilé ìyá mi àgbà kò sí lórí òkè. Èmi ni mo fà á síbẹ̀."

Gbogbo orí yí sí i. Mùsíọ̀ Antoine gbé fóònù rẹ̀. Ràhímátù fi ọwọ́ bo ojú.

Ọ̀gá Mùhyídéènì kò bínú, tàbí bóyá ó fi ìbínú pamọ́ di ẹ̀yìn ọ̀la. "Níbo ló wà gan-an?" ó béèrè. "Wá fi ìka rẹ dá a padà."

Àmì náà bọ́ mọ́ Mojọlá lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un mú, ó fà á sọ̀kalẹ̀, ó fi í sílẹ̀ létí odò, ó sì fa ti Ẹ̀taòkò tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì pọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mùsíọ̀ Antoine ti ń pe fóònù. Gbogbo wọn gbọ́ ohùn Ẹ̀taòkò.

"Ẹ̀taòkò, Antoine ni. Ilé yín ti pọ́n. Ẹ jáde báyìí."

"Ṣé Mùsíọ̀ fúnra yín ni?"

"Èmi ni. Ẹ jáde!"

"Yéè! Ó dáa. Mò ń pọn ìyá."

Lẹ́yìn èyí, fóònù kò gbà mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Òjò dá ní òwúrọ̀. Mojọlá gun zémi, ọ̀kadà akérò kan tó gbà láti lọ, wọ́n sì ń yọ́ rìn nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi dé abúlé. Ènìyàn kún ilé ìjọsìn àwọn Fada lórí òkè. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, aṣọ ẹlòmíràn ló ró mọ́ra. Mojọlá dúró lójijì. Ibi tí ìyá àgbà jókòó sí yìí gan-an ni òun gbé àmì náà sí. Ó wò ó títí, kò mọ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun sá.

Ẹ̀taòkò wà ní igun kejì, wọ́n ti fi igi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tó pọn ìyá àgbà gòkè tán, ó padà lọ tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn ilé ti rọ̀ nígbà náà. Ó wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàrá Fáníyì bá omi lọ, pẹ̀lú àga tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.

"Bí ẹ bá tètè pè wá bí ẹ ti pe àwọn ará òdìkejì ni," ó wí, láìgbóhùn sókè, "n bá ti tú ewúrẹ́ kí ògiri tó rọ̀." Ó wo Mojọlá. "Mùsíọ̀ ti sọ fún mi. Ó dáa. O padà sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn dun Mojọlá ju ẹgba lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò lè dìde. Ẹ̀taòkò kò lè ro oko rẹ̀ lọ́dún yẹn. Mojọlá ló ń wá láti Atakpamé lópin ọ̀sẹ̀, ó ń bá a ro iṣu. Ràhímátù tí kò tíì di ọkọ́ mú rí náà bá a wá, ó ń kérora, ó ń gé ewé iṣu mọ́ koríko, ṣùgbọ́n ó wá.

Ní ọjọ́ kan, ìyá àgbà ní, "Wọ́n ní o dá ilé mi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò nínú nǹkan yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà."

"Ọjọ́ tí o dá a padà náà ni ó wó."

"Omi ti ń bọ̀ kí n tó dá a padà."

"Ta ló mọ̀?" ìyá àgbà wí.

Mojọlá mọ ohun tí Mùsíọ̀ yóò sọ. Ó mọ ohun tí bàbá rẹ̀ sọ lórí òrùlé, àti ohun tó tẹ̀ lé e. Kò lè so àwọn méjèèjì pọ̀, kò sì lè tú wọn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ẹbí kọ́ yàrá tuntun fún ìyá àgbà, sókè, jìnnà díẹ̀ sí odò. Mojọlá wá pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lábẹ́ apá, kò sì jẹ́ yọ ọ́ síta. Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí.

"Ìbéèrè ọjọ́ yẹn," ó wí láìgbójú sókè, "ṣé ó ṣì wà nínú nǹkan yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Bu omi wá."

Mojọlá bu omi. Ó gbé e sẹ́nu, ṣùgbọ́n ìyá àgbà na ọwọ́ gba igbá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣan ẹnu. Ó tu ú sójú ọ̀nà, ó nu ètè.

"Ẹnu mi mọ́ báyìí. Bi mí."

Mojọlá yọ tábúlẹ́ẹ̀tì síta. "Ìyá àgbà, bí omi bá wọ ilé yìí… kí ni ẹ máa pàdánù?"

"Ẹní méjì. Ìkòkò. Ẹ̀gúsí yìí. Àti aṣọ Fáníyì kan tó kù." Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn. "Kí ló tún ń béèrè?"

"Ó ń béèrè ẹni tó ń sùn níbẹ̀."

Ìyá àgbà gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Èmi. Àti ìwọ, nígbà tí o bá wálé."

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́ bó ṣe rí. Kíkọ ni tìrẹ, àdúrà ni tèmi."

Mojọlá kọ ọ́. Àmì náà yọ sórí àwòrán ilẹ̀. Kò pọ́n bí ata, kò sì ní àwọ̀ ewé. Ó wà láàárín, bí òroǹbó tó ń pọ́n bọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ohun púpọ̀ ló ṣì rú u lójú nípa ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀nà tí ibi ń gbà dé, bóyá kò sì ní yé e láyé. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yé e, ó sì fẹ́ kí ó yé gbogbo ọmọ tó bá ń fi ìfẹ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: ẹni tó fi ewu pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn, ewu náà ló ń dáàbò bò. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òtítọ́ ni kí a fi ṣọ́ ẹni tí a kò fẹ́ pàdánù, kódà bí yóò bá gbà pé kí a fi omi ṣan ẹnu kí a tó sọ ọ́.

Ó pa tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sún mọ́ àwo náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá àgbà bó ẹ̀gúsí.